Pròbáyótíìkì fún àìsàn ìfun wíwú: èwo ló ń ṣiṣẹ́, báwo la sì ṣe ń lò ó?

Olùtọ́jú_Abẹ́òkúta béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ìtọ́jú ìfun. Obìnrin ẹni ọdún 34 kan ni mo ń bá béèrè. Ulcerative colitis (kòláítìsì), àìsàn tó ń mú kí awọ inú ìfun ńlá wú kó sì légbò, ló ń ṣe é, apá òsì ìfun ńlá ló mú. Wọ́n ti fi kámẹ́rà wo inú ìfun rẹ̀, wọ́n sì ti gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Mesalazine, oògùn tó ń mú kí ìfun wíwú rọlẹ̀, 2.4 g ló ń lò lójúmọ́. Ó ti pé oṣù márùn-ún báyìí tí kò ti rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ mọ́, ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì ló ń yàgbẹ́ lójúmọ́. Calprotectin, àyẹ̀wò ìgbẹ́ tó ń fi hàn bóyá ìfun ń wú, tí wọ́n ṣe kẹ́yìn jẹ́ 90 µg/g.

Owó mesalazine ló ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ló bá ń béèrè bóyá pròbáyótíìkì, ìyẹn àwọn kòkòrò tíntìntín alààyè bíi bakitéríà tí wọ́n ń lò fún ìlera, lè rọ́pò rẹ̀. Ìgò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ “50 billion CFU” sí lára, ìyẹn bílíọ̀nù 50 bakitéríà alààyè nínú kápúsù kan. Lactobacillus acidophilus àti Bifidobacterium lactis ni wọ́n ní ó wà nínú rẹ̀, wọn ò kọ ohun mìíràn lé e. Ìyá rẹ̀ sì ń sọ pé kó fi owó ìgò ra nǹkan mìíràn, kó máa mu ife omidùn kan láràárọ̀, pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Àdúgbò wọn kì í rí iná ju wákàtí mẹ́fà lọ lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ ìgò náà ní inú fíríìjì ni kí wọ́n tọ́jú òun sí. Èwo ni kó ṣe? Tó bá máa lò ó, báwo, fún ìgbà wo, kí la ó sì fi mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Apòògùn_Mọ́kọ́lá dáhùn:

Olùtọ́jú, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ to ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ báyìí, ó mú kó rọrùn láti dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ibi tí ewu wà: kó má fi ìgò yẹn rọ́pò mesalazine. Tó bá dá mesalazine dúró lónìí, ara lè máa ṣe é dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kódà fún oṣù díẹ̀, kí àìsàn náà tó tún jí. Láàárín ìgbà yẹn, ṣe ló máa dà bíi pé ìgò náà ló ń ṣiṣẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyẹn.

Pròbáyótíìkì kì í ṣe oògùn kan ṣoṣo. Orúkọ àpapọ̀ ni, bí ìgbà tá a bá pe nǹkan ní ewé. Ewé ni ewúro, ewé ni èsìsì, kò sì sẹ́ni tó máa já èsìsì sínú ọbẹ̀ torí pé ewé ni àwọn méjèèjì. Bakitéríà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ mẹ́ta: orúkọ ìdílé, orúkọ tirẹ̀, àti lẹ́tà tàbí nọ́ńbà tó ń fi ẹ̀yà tó jẹ́ gan-an hàn. Ẹ wo Lactobacillus rhamnosus GG. GG tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń sọ fún yín pé èyí tí wọ́n dán wò lára èèyàn rèé. Orúkọ méjì péré ló wà lára ìgò tí obìnrin yìí rà. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè fi í wé ìwádìí kankan.

Àwọn wo ló wá ní ẹ̀rí lẹ́yìn? Nínú ulcerative colitis, méjì ló yọrí ọlá.

Àkọ́kọ́ ni E. coli Nissle 1917. Ní Freiburg, lórílẹ̀-èdè Jámánì, lọ́dún 1917, dókítà Alfred Nissle rí i nínú ìgbẹ́ ọmọ ogun kan tí ìgbẹ́ ọ̀rìn kò mú nígbà tó ń mú àwọn tí wọ́n jọ wà lójú ogun. Òun ni wọ́n ń tà ní orúkọ Mutaflor. Àwọn dókítà dán an wò fún oṣù 12 lára èèyàn 327 tí kòláítìsì wọn ti rọlẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2004: àwọn kan ń lo Nissle 200 mg lójúmọ́, àwọn yòókù ń lo mesalazine 500 mg lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Nínú àwọn tó tẹ̀ lé ìlànà náà délẹ̀, àìsàn tún jí lára 40 nínú 110 tó lo Nissle, àti lára 38 nínú 112 tó lo mesalazine. Wọn ò jìnnà síra rárá. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé 1.5 g ni mesalazine tí wọ́n fi dán an wò, bẹ́ẹ̀ 2.4 g ni ẹni tẹ́ ẹ ń béèrè fún ń lò. Nítorí náà, Nissle wà fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gba mesalazine, kí dókítà rẹ̀ sì mọ̀ sí i. Kápúsù 100 mg kan lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kápúsù méjì lójúmọ́, pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀. Kó gbé e mì lódidi. Wọ́n ti fi nǹkan bo kápúsù náà kí omi kíkan inú ikùn má bàa pa á lójú ọ̀nà, ẹni tó bá já a tàbí tó jẹ ẹ́ lẹ́nu ti tú ìbòrí náà dànù nìyẹn.

Èkejì ni àdàlù ẹ̀yà mẹ́jọ: Lactobacillus mẹ́rin, Bifidobacterium mẹ́ta, àti Streptococcus thermophilus kan. VSL#3 ni orúkọ tí wọ́n fi dán an wò nígbà náà. Láti ọdún 2016 ni àdàlù àtijọ́ yẹn ti ń jẹ́ Visbiome ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Vivomixx ní Yúróòpù. Ohun tó ń jẹ́ VSL#3 lórí àtẹ lónìí kì í ṣe àdàlù tó wà nínú àwọn ìwádìí àtijọ́. Ẹni tó bá ń ka ìwádìí ọdún 2009 tàbí 2010, kó rántí èyí kó tó sanwó.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Iye tí wọ́n fún àwọn tí kòláítìsì ń dà láàmú nínú ìwádìí ọdún 2010 jẹ́ tírílíọ̀nù 3.6 lójúmọ́, ìyẹn àpò ìyẹ̀fun mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bílíọ̀nù 450. Bílíọ̀nù 50 ni kápúsù kan nínú ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó bá iye yẹn dọ́gba, kápúsù 72 ni yóò gbé mì lójoojúmọ́. Ká tiẹ̀ ní bakitéríà inú rẹ̀ bá ti ìwádìí mu, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹ tún yẹ ẹ̀yìn ìgò náà wò dáadáa. Tó bá jẹ́ “at time of manufacture” ni wọ́n kọ tẹ̀ lé iye bakitéríà, iye ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò ni wọ́n ń sọ. Kò sọ iye tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn tó ti jókòó sí ibùdókọ̀ ojú omi, sínú ọkọ̀, sórí àtẹ. Èyí tó dára máa ń sọ iye tó máa ṣì wà títí di ọjọ́ tí oògùn náà máa parí. Kó ní nọ́ńbà NAFDAC pẹ̀lú.

Ti iná: kì í ṣe ooru nìkan ló ń pa á, ọ̀rinrin gan-an ni ọ̀tá rẹ̀. Wọ́n ti gbẹ bakitéríà yẹn títí ó fi sùn. Omi díẹ̀ tó bá kàn án, ó jí, kò rí oúnjẹ jẹ, ó kú. Nítorí náà, kó má ṣe ju àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin nínú ìgò náà nù, kó má ki ọwọ́ tútù bọ inú rẹ̀. Tó bá gbé ìgò tútù jáde nínú fíríìjì, kó jẹ́ kí òtútù ara rẹ̀ kọ́kọ́ lọ kó tó ṣí i, torí afẹ́fẹ́ gbígbóná tó bá wọlé á di ìrì sára kápúsù. Kó fi í sí àárín fíríìjì, kó má jẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn, kó má sì jẹ́ ibi tí yìnyín ń gbá jọ. Níbi tí iná kò ti dúró, kó lo kúlà kékeré kan, kó kó ike omi méjì tó ti di yìnyín sínú rẹ̀, kó fi tówẹ́ẹ̀lì wé wọn kí ìgò má bàa fara kan yìnyín gan-an, kó sì fi tẹmómítà kékeré sínú rẹ̀. 2 sí 8°C ló yẹ kó wà. Kó ra ìwọ̀nba oṣù kan péré lẹ́ẹ̀kan.

Nọ́ọ̀sì_Ìfun_Peckham dáhùn:

Ọ̀gá Apòògùn ti sọ ọ̀pọ̀. Èmi fẹ́ fi kún un lórí bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, àti ìgbà tó yẹ kí ẹ sá fún un.

Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pròbáyótíìkì lọ́sẹ̀ kan náà tó yí oúnjẹ padà, tó sì tún dín mesalazine kù, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó ṣiṣẹ́ tàbí èyí tó bà á jẹ́. Kí ẹ ṣe calprotectin kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8 sí 12. Tó bá wà lábẹ́ 50, ó dára. Tó bá ju 250 lọ, ìfun ń wú, bí ara tiẹ̀ ń ṣe é dáadáa. 90 tí ẹ sọ yìí wà láàárín, kì í ṣe ohun ìpayà, ṣùgbọ́n ó yẹ kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ìgbẹ́ àárọ̀, èyí tó kọ́kọ́ yà lójúmọ́, ni kó gbé lọ. Kó sì sọ fún wọn tó bá ti lo ibuprofen, diclofenac tàbí omeprazole láìpẹ́ yìí, torí gbogbo wọn lè gbé nọ́ńbà náà sókè láìjẹ́ pé kòláítìsì ti jí.

Kó ní ìwé kékeré kan. Lójoojúmọ́, kó kọ ìgbà mélòó ló yàgbẹ́, bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, àti bóyá ìgbẹ́ jí i lójú oorun lóru. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an, torí ìfun tí kò wú kì í sábàá jí èèyàn lóru. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, inú lè máa kùn, kó sì máa kún fún afẹ́fẹ́. Kó fi ìdajì ìwọ̀n bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó tó lọ sí odidi. Tí inú bá ṣì ń wú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó wo ara ìgò bóyá inulin tàbí FOS wà nínú rẹ̀. Oúnjẹ bakitéríà ni wọ́n, òun ló sì máa ń fa afẹ́fẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe bakitéríà náà. Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ 12 tí nǹkan kan kò yí padà nínú ìwé náà tàbí nínú calprotectin, kó dá a dúró kó má fowó ṣòfò.

Tí oògùn àǹtíbáyótíìkì bá wọ̀ ọ́, kó fi wákàtí méjì ó kéré tán sí àárín òun àti pròbáyótíìkì.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá pròbáyótíìkì: ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, pẹ̀lú ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: ara tó gbóná ju 37.8°C lọ, ọkàn tó ń lù ju 90 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tàbí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara (hemoglobin) tó lọ sílẹ̀ ju 10.5 g/dL lọ. Ilé ìwòsàn ní ọjọ́ yẹn gan-an, kó má dúró de ọ̀la. Ìfun ńlá lè fẹ̀, kó sì lu.

Onímọ̀_Oúnjẹ_Ṣakí dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti Màmá, torí ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdànù. Bakitéríà wà nínú omidùn lóòótọ́, ó sì pọ̀. Nígbà tí àgbàdo bá wà nínú omi fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, tí wọ́n lọ̀ ọ́, tí wọ́n sẹ́ ẹ, tí ògì sì jókòó sí ìsàlẹ̀, Lactobacillus plantarum àti L. fermentum wà lára àwọn tó ń sọ ọ́ di kíkan. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń fún ẹni tí inú ń ṣí ní omidùn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn kòláítìsì. Omidùn ti Mọ́ńdè kì í ṣe ti Tọ́sìdé. Bí àgbàdo ṣe rí, bí omi ṣe mọ́, iye ọjọ́ tó fi wà nínú ìkòkò, gbogbo rẹ̀ ló ń yí bakitéríà inú rẹ̀ padà. Ohun tó sì wọ́pọ̀ jù ni pé àwọn èèyàn ń ka ẹ̀kọ mímu mọ́ ọn. Omi tó hó lẹ fi po ẹ̀kọ. Bakitéríà Lactobacillus kò lè fara da 60°C pẹ́. Nígbà tí ẹ̀kọ bá ti ki, tó ń tú pùtùpùtù nínú ìkòkò, kò sí èyí tó yè nínú wọn. Ẹ̀kọ dára, ó rọrùn fún ìfun tó ń ṣàìsàn, ó ń fúnni lókun, àmọ́ oúnjẹ ni, kì í ṣe pròbáyótíìkì. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kẹ́ ẹ da ìyẹ̀fun pròbáyótíìkì sínú ẹ̀kọ gbígbóná tàbí tíì. Omi tútù tàbí yógọ́ọ̀tì ni kó pò ó mọ́, kó sì mu ún tán lójú ẹsẹ̀.

Tó bá ṣì wù ú kó mu omidùn, tí kì í sì í lo oògùn tó ń tẹ agbára ìdáàbòbò ara rì: kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe nílé, omi tí wọ́n ti sè tó ti tutù ni kí wọ́n fi rẹ àgbàdo, kí wọ́n sì máa fi omi bẹ́ẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n ṣa àgbàdo tó bá ti hu ewú tàbí tó ti dúdú dànù kí wọ́n tó rẹ ẹ́, torí májèlé tí ewú yẹn ń mú jáde kì í lọ tán pẹ̀lú kíkan, iná pàápàá kì í mú un kúrò. Ìlàjì ife ni kó fi bẹ̀rẹ̀.

Wàrà: ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé pròbáyótíìkì ni. Oje ewé bomubómu ló ń mú kí mílíìkì dì lórí iná, kì í ṣe bakitéríà. Wọ́n sè é, wọ́n sì máa ń dín in. Purotéènì dáadáa ló wà níbẹ̀, bakitéríà alààyè kọ́.

Nọ́nò tí wọn kò sè mílíìkì rẹ̀ kó tó di kíkan, kó jìnnà sí i. Àìsàn ara màlúù, títí kan irú ikọ́ ife kan, máa ń gbabẹ̀ wọlé.

Yógọ́ọ̀tì ni mo fẹ́ràn jù nínú oúnjẹ, èyí tó bá sì jókòó sórí àtẹ láìsí fíríìjì fún oṣù mélòó kan, wọ́n ti gbé e sórí iná lẹ́yìn tó di kíkan, ó ti kú. Ṣíṣe é nílé kò le. Lítà mílíìkì kan, ẹ gbé e kaná títí á fi dé 85°C, ìyẹn nígbà tí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó wẹ́wẹ́ tí àárín kò tíì hó. Ẹ jẹ́ kó tutù dé 43°C. Tẹ́ ẹ bá ki ìka tó mọ́ bọ̀ ọ́, ẹ lè ka ení dé ẹ̀wá láìyọ ọ́. Ẹ fi ṣíbí ńlá méjì yógọ́ọ̀tì tútù alààyè sí i, ẹ rò ó jẹ́jẹ́, ẹ dé e, ẹ fi aṣọ nípọn wé e tàbí kẹ́ ẹ gbé e sínú kúlà òfìfo fún wákàtí 6 sí 8. Tó bá ṣomi tí kò dì, ó ṣeé ṣe kí mílíìkì ti gbóná jù nígbà tẹ́ ẹ da ìpilẹ̀ sí i, ìyẹn ti pa á. Tó bá yọ̀ tó ń fà bí ilá, tàbí tó hu àwọ̀, ẹ dà á nù.

Ohun kan tó máa ń da èèyàn láàmú: ara ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa kò gba ṣúgà inú mílíìkì. Inú á kùn, ìgbẹ́ á ṣomi, wọ́n á ní kòláítìsì ti jí. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, calprotectin rẹ̀ kì í sì í gòkè. Yógọ́ọ̀tì tó bá pẹ́ dáadáa nínú kúlà kí ó tó wọ fíríìjì máa ń ní irú ṣúgà yẹn díẹ̀, torí bakitéríà ti jẹ ẹ́.

Akẹ́gbẹ́_Èkó béèrè:

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ti ẹni tó ní Crohn's, àìsàn ìfun wíwú kejì, ńkọ́, tó ń gba abẹ́rẹ́ infliximab, oògùn tó ń tẹ agbára ìdáàbòbò ara rì, lọ́sẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ? Ẹnì kan gbà á nímọ̀ràn pé kó lo Saccharomyces boulardii.

Nọ́ọ̀sì_Ìfun_Peckham dáhùn:

Rárá, ẹ jọ̀ọ́. Àìsàn méjèèjì jọra lójú, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan. Kòláítìsì máa ń wà lójú awọ inú ìfun ńlá. Crohn's lè mú ibikíbi láti ẹnu dé ìdí, ó sì ń wọ inú ògiri ìfun lọ títí dé ẹ̀yìn rẹ̀. Bakitéríà tó ń rìn kọjá lórí awọ kò dé ibẹ̀.

S. boulardii gan-an ni wọ́n dán wò ní Faransé lára àwọn 165 tí Crohn's wọn ti rọlẹ̀, 1 g lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 52. Àìsàn náà jí lára 38 nínú 80 tó lò ó, àti lára 42 nínú 79 tó lo kápúsù tí kò ní nǹkan kan nínú. Èyí kì í ṣe ìyàtọ̀ tó lè mú kí dókítà kọ ọ́ fún èèyàn.

Ewu sì wà. Ìwúkàrà ni S. boulardii, kì í ṣe bakitéríà. Lára ẹni tí agbára ìdáàbòbò ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó burú jù ni ti ẹni tí wọ́n fi rọ́bà sínú iṣan ńlá ọrùn tàbí àyà rẹ̀ ní ọsibítù. Kò tiẹ̀ pọn dandan kí ẹni náà gbé e mì; tí nọ́ọ̀sì bá ṣí kápúsù náà nítòsí bẹ́ẹ̀dì, ìyẹ̀fun rẹ̀ á fò, á bà lé ọwọ́ àti ẹnu rọ́bà. Nínú wọ́ọ̀dù, ẹ má ṣe ṣí i níbi tí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wà.

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìfun ní Amẹ́ríkà, AGA, sọ lọ́dún 2020 pé inú ìwádìí nìkan ni kí wọ́n ti máa lo pròbáyótíìkì fún Crohn's àti kòláítìsì. Ibi tí wọ́n ti yọ̀ǹda ẹ̀yà mẹ́jọ yẹn ni ti àwọn tí wọ́n ti gé ìfun ńlá wọn, tí wọ́n wá fi ìfun kékeré rán àpò fún wọn nínú, tí àpò náà sì ń wú. Pouchitis ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni pròbáyótíìkì ti ṣe bẹbẹ jù. Ní Ítálì, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2000 kó èèyàn 40 jọ, lẹ́yìn tí àǹtíbáyótíìkì ti mú kí àpò wọn rọlẹ̀. Ogún lo VSL#3 àtijọ́, 6 g lójúmọ́, ogún lo ìyẹ̀fun lásán. Láàárín oṣù mẹ́sàn-án, 3 péré ni àpò wọn tún wú nínú àwọn tó lò ó. Nínú àwọn tí kò lò ó, gbogbo 20 ni. Nígbà tí wọ́n sì gba oògùn náà lọ́wọ́ àwọn 17 tó kù, àpò gbogbo wọn wú láàárín oṣù mẹ́rin. Pròbáyótíìkì kì í kọ́lé sínú ìfun. Àlejò ni. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dá a dúró ló ti ń palẹ̀ mọ́.

Olùtọ́jú_Abẹ́òkúta:

Ẹ ṣeun gan-an. A ti gbọ́ ti ìgò, ti omidùn náà yé Màmá. Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ṣé nǹkan mìíràn wà tí owó rẹ̀ kò tó ti mesalazine, tí kì í ṣe kó dá oògùn dúró?

Apòògùn_Mọ́kọ́lá dáhùn:

Ó wà. Kó bi dókítà rẹ̀ nípa sulfasalazine. Bàbá mesalazine ni, ó ti pẹ́ lọ́jà, ó sì sábà máa ń dín owó. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀ bá ọ̀rọ̀ wa lónìí mu: oògùn méjì tí wọ́n so pọ̀ ni, bakitéríà inú ìfun ńlá ló ń já okùn tó so wọ́n pọ̀, kí mesalazine inú rẹ̀ tó jáde síbi tí egbò wà. Bakitéríà tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, láìra ìgò kankan.

Fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti rọlẹ̀, 2 g lójúmọ́ ló wọ́pọ̀, ìyẹn tábúlẹ́ẹ̀tì 500 mg méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan lójúmọ́, wọ́n á máa fi kún un, torí orí fífọ́ àti èébì ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nídìí rẹ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n yẹ G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, wò lára rẹ̀. Àìtó rẹ̀ wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, pàápàá láàárín àwọn ọkùnrin, oògùn yìí sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa fọ́. Tí oògùn tó ní sulfa nínú bá ti fún un ní èélá tàbí ara wíwú rí, kó má fọwọ́ kàn án. Kó máa lo folic acid pẹ̀lú rẹ̀, torí ó ń dènà folate láti wọ ara, pàápàá tó bá ń retí oyún. Ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n bí ọsàn, kó má bẹ̀rù. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò léraléra ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Kó má dá mesalazine dúró títí di ọjọ́ tí dókítà bá fi sulfasalazine lé e lọ́wọ́.

Lábù_Ìbàdàn dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún àwọn tó ń kà á tí wọn kò tíì ṣe àyẹ̀wò bíi ti obìnrin yìí. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń pè é. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ló kàn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń mú inú ṣí, wọ́n tún fi ọtí rẹ òmíràn. Ìfun tó ti légbò, ẹ wá ń fi tipátipá gbá a. Ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i ni.

Ìgbẹ́ ọ̀rìn tí amíbà ń fà jọ kòláítìsì débi pé kámẹ́rà pàápàá lè ṣì í mú. Ẹni tó bá ní amíbà tí wọ́n wá fún ní prednisolone, oògùn tó ń tẹ agbára ìdáàbòbò ara rì, torí wọ́n rò pé kòláítìsì ni, ìfun rẹ̀ lè lu. Ikọ́ ife inú ìfun náà jọ Crohn's, infliximab sì lè jí ikọ́ ife tó ti sùn sínú ara, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Pròbáyótíìkì kankan kò lè wo ìkankan nínú wọn.

Tẹ́ ẹ bá gbé ìgbẹ́ wá fún wíwá amíbà, ẹ gbé e wá ní tútù. Ike tó mọ́ tó sì gbẹ, kí ìtọ̀ tàbí omi má kàn án, kó dé ọ̀dọ̀ wa láàárín ìdajì wákàtí tẹ́ ẹ yà á tó bá ṣomi tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀. Ibi tí ikun àti ẹ̀jẹ̀ wà lára ìgbẹ́ náà ni kẹ́ ẹ bù wá, kì í ṣe ibi tó dì. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, amíbà á dá ìrìn dúró, á kú, a ó sì kọ pé a kò rí nǹkan kan. Ẹ má gbé ìgbẹ́ àárọ̀ wá lọ́sàn-án Sátidé, ó ti pẹ́ jù. Ẹ dúró di Mọ́ńdè, kẹ́ ẹ yà á lọ́dọ̀ wa.